Ráìfù Tí Yóò Bá Ìbọn Ìléwọ́ Rẹ Jẹ Ọta Kan Náà

New Haven, Enugu,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Rùkáyátù, Àníkẹ́ mi, ọmọ mi tó gun òkè òyìnbó lọ wo màlúù wọn sàn,

Kí Ọlọ́run Ọba máa ṣọ́ ọ ní ibi tútù tí o wà yẹn. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ìbọ̀sẹ̀ méjì lo ń wọ̀ papọ̀ àbí ẹyọ kan. Mo ti bi ọ́, ó kù sọ́wọ́ ìwọ àti òun.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà, èmi tí kì í tẹ̀ ju “OK” lọ lórí fóònù. Mo sì mọ̀ pé o máa kùn pé Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Kùn dáadáa. Enugu la ti tọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì àti Pidgin yá lẹ́nu rẹ ju èdè bàbá rẹ lọ, ẹ̀bi èmi àti ìyá rẹ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fẹ́ kí o sáré kà á. Bí o bá ń kà á díẹ̀díẹ̀, tí o ń dúró wá ìtumọ̀, inú mi á dùn. Ìyá rẹ yóò ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó mọ́ lọ́dọ̀ yín.

Sátidé yẹn ló kó mi láyà sókè. Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ gbogbo ohun tí o wí. Láti oṣù mẹ́ta tí o ti wọ iṣẹ́ tuntun yìí ní Montana, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ìwọ nìkan lo ń gun ẹṣin láti oko màlúù kan dé òmíràn. O ní béárì wà níbẹ̀, ẹranko tó ga ju ilẹ̀kùn lọ. O ti gba ìwé àṣẹ, o ti ra ìbọn ìléwọ́ kan, èyí tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí, tó ń gba ọta mẹ́fà. 44 Magnum ni ọta rẹ̀. Ní báyìí, o fẹ́ fi ráìfù kan kún un, ráìfù ọlọ́wọ́ abẹ́, èyí tí wọ́n ń já irin abẹ́ rẹ̀ kí ọta tó wọlé, kí àwọn méjèèjì lè máa jẹ ọta kan náà. Ìyá arúgbó tí o ń gbé nílé rẹ̀ sì ti gbé èyí tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó tó kú jáde, ó ní kí o máa lò ó. Lọ́jọ́ Sátidé, o fẹ́ gbé e lọ sí ẹ̀yìn ọgbà màlúù, kí o ki ọta rẹ sínú rẹ̀, kí o dán an wò.

Nígbà tí fọ́tò rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń jẹun lọ́wọ́. Mo gbé awò ojú mi wọ̀, mo tún mú awò ńlá tí mo fi ń wo ìdè kéékèèké ní ṣọ́ọ̀bù. Rùká, ìbọn náà dára. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọ̀pá rẹ̀ ní igun mẹ́jọ, igi ìdí rẹ̀ pọ́n bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́, ẹni tó ni ín sì fi ọwọ́ pa á fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dán bẹ́ẹ̀. Mo wò ó títí ọbẹ̀ mi fi tutù. Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá náà, nítòsí ilé ọta: 44-40. Mo sún fọ́tò náà mọ́ ojú, mo tún un wò. 44-40 ni. Kì í ṣe 44 Magnum.

O rántí bí a ṣe sọ ọ́ lórí fóònù.

“Rùká, má ki ọta rẹ sínú ìbọn yẹn o.”

“Ah-ah, Bàbá mi. Forty-four na forty-four now.”

“Orúkọ ló jọra. Ọta wọn ò jọra.”

“Daddy, ẹ ò tíì rí ìbọn yẹn sójú. Ẹ má worry. Saturday I go test am, màá send video.”

“Mo ní má ṣe bẹ́ẹ̀.”

“But why? Just tell me why.”

Láti ìgbà tí mo ti ń tún ìbọn ọdẹ ṣe, ìyẹn sì ti ju ogójì ọdún lọ, kò sí oníbàárà tó bi mí ní “kí ló dé” tí mi ò fún lésì. Ìwọ bi mí, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, mo pa fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Mo lè ka nọ́ńbà méjèèjì fún ọ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ tí mo bí: nọ́ńbà lásán ò lè dá ọ dúró. Ohun tó lè dá ọ dúró ń bẹ lọ́wọ́ mi, ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé.

Jẹ́ kí n yìn ọ́ ná, nítorí ó tọ́ sí ọ. Èrò yìí pé kí ìbọn méjì máa jẹ ọta kan, ọgbọ́n ńlá ni. Nígbà tí òtútù bá mú ọwọ́ rẹ, tí ìbọ̀wọ́ nípọn, tí ẹ̀rù sì ń bà ọ́, o ò ní máa wá èyí tó jẹ́ ti ráìfù yàtọ̀ sí ti ìléwọ́. Àpò kan, ọta kan, ó tán. Gbogbo ọdẹ tí mo mọ̀ láti ibí títí dé Nsukka, kò sí èyí tó ronú dé ibẹ̀, ìwọ tí o kò tíì pa ju eku lọ lo rò ó. Mo sọ ọ́ fún àwọn èèyàn ní mọ́ṣáláṣí, mo sì tún sọ fún àwọn tí kò bi mí. Ohun tí o rò dára. Ìbọn tí o fẹ́ fi ṣe é ni kò bá a mu.

Nítorí náà, èkíní: jẹ́ kí ráìfù tẹ̀lé ìléwọ́. Má ṣe jẹ́ kí ẹwà ráìfù fà ọ́ lọ́wọ́. Èmi ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìbọn àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà, wọ́n gbẹ́ ẹyẹ méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fàdákà ni wọ́n fi ṣe ìyẹ́ wọn. Mi ò béèrè nọ́ńbà ọta rẹ̀ títí mo fi sanwó. Nọ́ńbà 28 ni. Kò sí ẹni tó ń ta á ní Enugu, mo wá a dé Onitsha, mi ò rí. Ọdún mẹ́fà ni ìbọn náà fi wà lára ògiri tí ìyá rẹ ń fi hijáàbù kọ́ sí ẹnu rẹ̀. Bí àlejò bá yìn ín, ìyá rẹ á ní, “Ẹ ṣeun, hanger Alhaji ni.”

Èkejì: irin ni kí o kà, má ka ẹnu ẹni tó ń tà á, má sì ka ẹnu ẹni tó ń ta ọ́ lọ́rẹ. Ráìfù tí o máa rà, ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ìléwọ́ rẹ mu láti orí dé ìdí: 44, kí Magnum tẹ̀ lé e. Bí ó bá ku ọ̀rọ̀ kan, tàbí tí nọ́ńbà mìíràn lé sí i, kì í ṣe òun. Ọta 44-40 ti wà kí Magnum tó dé ayé. Ara rẹ̀ sanra nísàlẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn, agbára rẹ̀ kò sì tó ti Magnum rárá. Ìbọn àtijọ́ yẹn, agbára tí wọ́n mọ̀ nígbà ayé rẹ̀ ni wọ́n rọ ọ́ fún. Bóyá Magnum wọ inú rẹ̀ o, bóyá kò wọ̀ o, oúnjẹ rẹ̀ kọ́. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

O lè ní báwo ni èmi, atúnbọnṣe Obiagu, ṣe mọ ráìfù ọlọ́wọ́ abẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọwọ́ mi kàn án. Nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá mi, òyìnbó kan tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ kòtò èédú rí, tó kọ̀ tí kò padà sílé, tó ń dá gbé ní GRA, gbé tirẹ̀ wá. Sípíríǹgì rẹ̀ ló kú. Ọ̀gá mi fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kan ni mo fi tún un ṣe, ọjọ́ méjì yòókù ni mo fi ń wò ó. Irin ọwọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ìka ẹni ń wà. Bí o bá já a sílẹ̀, èèpo ọta tó ti jó á fò jáde. Bí o bá gbé e padà, ọta tuntun á wọlé, ìbọn á sì ti múra. Gbogbo rẹ̀ irin lásán, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, ó sì ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ bí ilẹ̀kùn ilé olówó. Mo ronú nípa ẹni tó jókòó rò ó. Mo ṣàdúrà fún un, bó ti wù kí ẹ̀sìn rẹ̀ jẹ́.

Ohun tí mo kọ́ lára rẹ̀ nìyí. Já irin ọwọ́ yẹn dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí o sì gbé e padà dé òkè pátápátá. Bí o bá ṣe é láàbọ̀ nítorí ìbẹ̀rù, ọta á há. Ọta inú rẹ̀ ń tò tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀, imú èyí tó wà lẹ́yìn ń kan ìdí èyí tó wà níwájú, ìdí yẹn sì ni ohun tó ń gbiná wà, bí imú ṣóńṣó bá gbá a, ó lè dún. Nítorí náà, ọta tí imú rẹ̀ tẹ́jú ni kí o rà, má ra ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Wọ́n á sọ fún ọ pé 44 Special, ọta kan tó kúrú ju Magnum lọ, lè wọ inú ìbọn Magnum. Òótọ́ ni, ìléwọ́ rẹ á jẹ ẹ́ láìbínú. Ṣùgbọ́n ráìfù ọlọ́wọ́ abẹ́ máa ń ṣàyàn oúnjẹ. Òmíràn kì í fẹ́ gbé èyí tó kúrú. Ìwọ rọra máa ra ẹyọ irú kan ṣoṣo. Ṣé ìyẹn náà kọ́ lo torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti ń fi irin sá fún ọ̀rọ̀. Inú ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ náà wà.

O mọ Látí, tí ìwọ ń pè ní Bàbá Látí, ránṣọránṣọ ọ̀rẹ́ mi ní Obiagu. O mọ̀ pé ìka méjì péré ló kù ní ọwọ́ òsì rẹ̀, o sì mọ ìtàn tí a máa ń sọ nípa rẹ̀: pé kì í nu ìbọn, pé ìpẹtà jẹ ìbọn náà títí ó fi bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí o wà ní kékeré, tí o bá fi abọ́ sílẹ̀ láìfọ̀, èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ pé, “Ṣé o fẹ́ dà bíi Látí tí kì í nu ìbọn ni?” O máa ń sáré lọ fọ̀ ọ́.

Irọ́ ni. Ìbọn Látí kò ní ìpẹtà. Èmi ni mo ba tiẹ̀ jẹ́.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Kí a tó bí ọ, àwa ọ̀dọ́ Yorùbá tí a jọ ń kírun ní Obiagu ní ẹgbẹ́ kan. A kì í ṣe ọdẹ gidi. Ránṣọránṣọ, apẹran, fọkanáísà, èmi nìkan ni mo ń fi ìbọn jẹun. Nígbà ọyẹ́, tí àwọn àgbẹ̀ bá ti sun igbó lọ́nà Udi, a máa ń lọ lé ọ̀yà lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday. A sì ní àṣà kan. Kí a tó wọ igbó, oníkálukú á da kátíríìjì rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo. Ẹni tó mú púpọ̀ wá, ẹni tó mú ẹyọ kan wá, gbogbo rẹ̀ á di ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣahun ọta nígbà tí ẹran bá yọ síwájú ẹnìkejì rẹ̀. Bákan náà ni a ń pín ẹran tí a bá pa. Títí dòní, mi ò tíì rí ẹgbẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 12 ni gbogbo ìbọn wa, nítorí náà, kò séwu nínú àṣà náà. Èmi ni wọ́n sì ń gbé àpò lé lọ́wọ́, nítorí èmi ni mo mọ ìbọn jù.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìbọn oníbàárà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, nọ́ńbà 20 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni ọta ṣe ń kéré), ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́, mo ti tún un ṣe tán, ẹni tó ni ín kò tíì wá gbà á. Mo ti gba òmìnira iṣẹ́ nígbà yẹn, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo sì rò pé kò sí ohun tí ìbọn lè fi pamọ́ fún mi. Mo gbé ìbọn oníbàárà lọ sóko láìgbàṣẹ, kí n lè fi ṣe fáàrí. Mo ra kátíríìjì rẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí a sì ń da ọta sínú àpò gẹ́gẹ́ bí àṣà, mo da tèmi náà sí i, kí wọ́n má baà ní mo yọ ara mi sọ́tọ̀. Mo ní ṣebí èmi ló ń pín in, ọwọ́ mi á mọ èyí tó kéré. Pupa ni nọ́ńbà 12, pupa náà ni tèmi. Lóde òní, yẹ́lò ni wọ́n sábà máa ń ṣe nọ́ńbà 20, nítorí irú ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn ni.

Ọ̀yà kan fò jáde lápá ọ̀dọ̀ Látí. Ó na ọwọ́ sí mi láìwẹ̀yìn, mo fi ọ̀kan sí i lọ́wọ́. Ó kì í, ó fà á, ìbọn ò dún. Ó ṣí i wò, kò rí nǹkan kan nínú ilé ọta. “E be like say e don fall,” ó ní, “mú òmíràn wá, sharp sharp.” Mo fún un ní òmíràn. Nọ́ńbà 20 tí mo kọ́kọ́ fún un kò já bọ́ síbì kan. Ó kéré fún ilé ọta rẹ̀, ó ti yọ̀ kọjá wọ inú ọ̀pá ìbọn, ó há síbẹ̀. Èkejì ló wá bá a níbẹ̀. Ọ̀pá ìbọn náà là bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọwọ́ òsì Látí sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, mo padà síbẹ̀, mo rí ìdí kátíríìjì kékeré náà nínú koríko. Nítorí náà, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀ láti wákàtí àkọ́kọ́. Mo jù ú sínú odò. Nígbà tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì bi mí pé kí ló fà á, ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó tán: “Ìpẹtà ni. Kì í nu ìbọn.” Wọ́n gbà mí gbọ́, nítorí èmi ni mo mọ ìbọn jù. Àwọn ẹbí ọmọbìnrin tí Látí fẹ́ fẹ́ ní Ọ̀fà gbọ́, wọ́n ní ẹni tí kò lè tọ́jú ìbọn kò lè tọ́jú ìyàwó, wọ́n gba ọmọ wọn padà. Nínú ẹgbẹ́, wọn kò fi Látí ṣe olórí ohunkóhun rí. Látí fúnra rẹ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé, “Ẹ máa nu machine yín, ẹ ò rí ọwọ́ mi bí?” Mo wà níbẹ̀, mo ń mu Fanta.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ kí òun tó gbọ́ ọ. Ó ń rán ṣòkòtò lọ́wọ́.

“Látí, ìbọn rẹ kò ní ìpẹtà. Nọ́ńbà 20 ni mo fún ọ lọ́jọ́ yẹn. Mo rí ìdí rẹ̀ nínú koríko, mo dákẹ́.”

Ó rán ojú aṣọ yẹn tán kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Say am again.”

Mo tún un sọ.

“Kí ló dé tó o fi ń sọ fún mi lónìí?”

Mo sọ ti ìbọn rẹ fún un, àti ti Sátidé.

“So if to say Rùká no buy gun,” ó ní, “bẹ́ẹ̀ ni ǹ bá ṣe kú. Látí tí kì í nu ìbọn.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi láàárín ègé aṣọ. Ó gé okùn tó kù lára ṣòkòtò náà.

“Dìde, Músá. Customer dey come.” Nígbà tí mo dìde, ó ní, “Go write am for the pikin. Put my name, no hide am. Kó o tó send ẹ, mo fẹ́ kà á. Tèmi tìẹ ò tíì tán o. We never even start.”

Rùká, mo ti wo ọwọ́ yẹn láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í jẹ́ kí n wò ó pẹ́. Lánàá mo wò ó dáadáa. Ìka méjì yẹn ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, ó ń yí i, ó ń fà á, okùn rẹ̀ gún gbọọrọ. Wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ ilé, ó kọ̀. Ọdún kan gbáko ló fi kọ́ iṣẹ́ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lákọ̀tun. Gbogbo yunifọ́ọ̀mù tí o wọ̀ láti praimárì, títí kan kóòtù funfun tí o fi gba oyè dókítà ẹran, ìka méjì yẹn ló rán an. Kò sí ọkùnrin tí mo yìn tó o ní gbogbo ìlú yìí, èmi náà sì ni mo bà á lórúkọ jẹ́. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, wọ́n ní. Èmi ni mo gbẹ́ kòtò yìí, Látí ló jìn sí i.

Mi ò tún ní ka èkíní, èkejì mọ́, jẹ́ kí n kàn sọ àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń bọ̀.

Bí o bá fa ìbọn tí kò dún, má bínú sí i, má sì kánjú. Kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò séèyàn, dúró, kí o ka ọgbọ̀n ní ìdákẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, kó gbogbo ọta inú rẹ̀ jáde, kí o sì rí ìmọ́lẹ̀ láti òpin kan ọ̀pá náà dé òpin kejì kí o tó ki òmíràn sí i. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni Látí ì bá wò. Èmi ló yẹ kí n rán an létí, èmi onímọ̀.

Má ṣe jẹ́ kí ọta mìíràn dé inú ilé rẹ. Bí àlejò bá gbàgbé tirẹ̀ sórí tábìlì, kó o fún un kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ilé ọta kan ni ilé rẹ.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ló yẹ kí o máa ṣọ́ jù, ìwọ náà sì ti di ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí kò mọ̀ á béèrè. Ẹni tó mọ̀ á ní ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí o bá gbọ́ ara rẹ tó ń sọ pé “mo mọ̀ ọ́n” kí o tó wò ó, dúró níbẹ̀.

Bí o bá ṣe ẹnikẹ́ni ní ìjàǹbá, sọ ọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé irọ́ nìkan ló ń rìn. Ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́ ti rìn ní gbogbo ogún ọdún yẹn náà.

Ní ti béárì, mi ò rí i rí, mi ò ní ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó bá a gbé ni kí o bi. O ní ọ̀gá rẹ fún ọ ní agolo ata tí wọ́n máa ń fín sí i lójú. Jẹ́ kí ó wà ní ibi tí ọwọ́ rẹ ti tètè dé ju ìbọn lọ.

Èsì ìbéèrè rẹ wá nìyí, ní kúkúrú. Dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ ìyá arúgbó náà. Sọ fún un pé bàbá rẹ ní Enugu rí ìbọn ọkọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹni tó mọyì nǹkan ni ọkùnrin náà. Bí ó bá fẹ́ kí o gbà á, gbà á, gbé e kọ́ sára ògiri, máa fi òróró pa á. Ṣùgbọ́n ọta rẹ kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ra tuntun tí wọ́n tẹ 44 Magnum sí lára, kó má gùn jù fún ẹni tó wà lórí ẹṣin. Mú ìléwọ́ rẹ lọ síbẹ̀, gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ìwọ àti ẹni tó ń tà á jọ ka ohun tó wà lára irin méjèèjì sókè.

Mo mọ̀ pé láti òní lọ, nígbà tí mo bá sọ nǹkan fún ọ, o lè dúró díẹ̀ kí o tó gbà á. O lẹ́tọ̀ọ́. Mo ti rò ó láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun: kí n jẹ́ bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń yìn, tí ọmọ náà sì di aláìníka, tàbí kí n jẹ́ bàbá tí ọmọ rẹ̀ mọ̀ tán, tí ọwọ́ rẹ̀ sì pé. Kò pẹ́ kí n tó mọ èyí tí mo fẹ́. Ohun tó pẹ́ ni kí n rìn láti New Haven dé Obiagu.

Mo fẹ́ràn rẹ, Àníkẹ́. O gbọ́n jù mí lọ, o láyà jù mí lọ, o sì máa ń béèrè “kí ló dé”. Má ṣe fi ìyẹn sílẹ̀ láéláé, kódà lọ́dọ̀ mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Músá, atúnbọnṣe.

*

Rùká, èmi ni, Bàbá Látí. Bàbá rẹ gbé ìwé náà wá bó ṣe ṣèlérí, ó jókòó síwájú mi bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Mo ti kà á, ẹ̀ẹ̀mejì. Bó ṣe kọ ọ́ yìí ló ṣẹlẹ̀. Èmi náà rántí pé ọta àkọ́kọ́ yẹn fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú ń bí mi sí i gan-an, mi ò sì mọ ìgbà tí yóò tán. Ìyẹn kò kàn ọ́. Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ ni bàbá rẹ ti ń parọ́ mọ́ mi, gbogbo ìlú sì gbà á gbọ́. Lórí ọ̀rọ̀ ìbọn yìí, kí ìwọ náà gbà á gbọ́.